Ìda Kì í Ṣe Àlejò Lọ́dọ̀ Amọ̀

Kò sí ẹ̀yà Yorùbá kan tí orúkọ rẹ̀ sún mọ́ ohun èlò ilé tó ti àwọn Àwórì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé ọdẹ ni Olófin Ògúnfúnmínire, Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti gbéra, Ifá sì ní kí ó gbé àwo kan lé ojú omi, kí ó máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Odò Ògùn gbé àwo náà lọ, Olófin sì ń bá a bọ̀ títí ó fi dé Ìṣẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n béèrè àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó dáhùn pé, “Àwo ti rì.” Níbẹ̀ ni a ti rí orúkọ náà, Àwórì. Ìṣẹ̀rí ju ẹyọ kan lọ lónìí, ṣùgbọ́n Ìṣẹ̀rí tí ó ń jẹ́ orúkọ Olófin títí di ìsinsìnyí ti di apá kan ìgboro Èkó, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, láàárín ariwo ọkọ̀ Ìdímù àti ti Ìkòtún. Ẹni tí ó bá la ọjà agbègbè náà kọjá yóò rí ike aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tò léra wọn, yóò rí abọ́ tánganran, yóò rí ìkòkò irin tí ń dán gbinrin. Bí ó bá rí amọ̀ rárá, bóyá àjẹrẹ kan ni, tàbí ìkòkò àgbo tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ìdí àtẹ elewé-ọmọ.

N kò wá sunkún nítorí ike. Ike fúyẹ́, kì í fọ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí ó ń gun òkè ilé alájà mẹ́ta pẹ̀lú omi lórí kò ní fi àmù pọn ọ́n nítorí àṣà. Ohun tí mo bá wá ni ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé iṣẹ́ ọnà àti àwọn tí ó pe ara wọn ní olùṣọ́ àṣà jọ ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò dọ́gba. Wọ́n ní fífi ìda ya ọnà sí ara ìkòkò tí kò tíì rí iná, iṣẹ́ òyìnbó ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn. Àwọn olùṣọ́ àṣà ń fi kọ iṣẹ́ náà. Àṣìṣe ni ti àwọn méjèèjì, amọ̀kòkò ni ó sì ń jìyà àṣìṣe náà, nítorí òun nìkan ni ìmọ̀ tí ó lè ṣe é láǹfààní kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Amọ̀kòkò yóò mọ ìkòkò rẹ̀ tán, yóò gbé e sí ibòji títí yóò fi le bí awọ bàtà: kò rọ̀ mọ́, kò sì tíì gbẹ tán. Yóò fi òkúta wẹ́rẹ́ dán an bí ó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ́ ìda, yóò ti ìyẹ́ adìẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, yóò sì fi ya ohun tí ó bá wù ú: ewé, ejò, àlàǹgbá, tàbí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí ìda bá dì, yóò po ilẹ̀ pupa mọ́ omi títí yóò fi rí bí ògì, yóò sì fi pa gbogbo ara ìkòkò náà. Ibi tí kò sí ìda yóò mu omi ilẹ̀ pupa yìí. Ibi tí ìda wà yóò kọ̀ ọ́, omi yóò sì ré kúrò lórí rẹ̀ bí ó ti ń ré kúrò lórí ewé kókò. Nígbà tí ìkòkò bá gbẹ, a ó sun ún. Iná yóò ti jẹ ìda tán kí amọ̀ fúnra rẹ̀ tó jiná. Ibi tí ìda ti wà yóò fi àwọ̀ amọ̀ gan-an hàn. Ìyókù yóò pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ọ̀nà kejì kò tilẹ̀ lo ilẹ̀ pupa rárá. A ó fi ìda ya ọnà sára ìkòkò tí ó ti gbẹ, a ó wá fi àkísà tútù nu ún jẹ́jẹ́. Omi yóò máa fọ amọ̀ tí kò ní ìda lórí lọ díẹ̀díẹ̀, ọnà yóò sì yọ sókè tí ọwọ́ lè fi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa léèrè: kí ni ó ṣàjèjì níbẹ̀?

Ṣé dídí ojú kan kí àwọ̀ má baà wọ ibẹ̀ ni? Ìyẹn ni gbogbo àwọn obìnrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń jẹun. Wọn a se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọn a fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ọ̀pẹ tín-ín-rín ya ọnà sára aṣọ funfun. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a sì máa gé ọnà sára páànù kí a lè fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Nígbà tí aṣọ bá wọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ ti dí kò ní mu ẹ̀lú. Báyìí ni wọ́n ṣe ya òpó gbọ̀ngàn Máàpó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Báyìí náà ni wọ́n ṣe gbé àwòrán ọba òyìnbó àti ayaba rẹ̀ sára aṣọ nítorí ayẹyẹ ọdún 1935. Ẹ̀kọ dí aṣọ, aró kò wọ ibẹ̀. Ìda dí amọ̀, ilẹ̀ pupa kò wọ ibẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ni, ojú ohun tí a ń ya ọnà sí ni ó yàtọ̀.

Èmi kò sọ pé kí á da ẹ̀kọ láfún sára ìkòkò tútù. Ẹ̀kọ a máa gbẹ lára aṣọ kí aṣọ tó wọ aró. Lára amọ̀ tí ó ṣì lómi nínú, tí a sì tún fẹ́ fi omi ilẹ̀ pa, ẹ̀kọ yóò rẹ̀, yóò yọ̀, ọnà yóò sì dàrú. Ìdí nìyí tí ìda fi di dandan, nítorí òun àti omi kì í rẹ́. Àwọn aláṣọ pàápàá ti mọ èyí. Àdìrẹ alábẹ́là tí ó gbilẹ̀ láàárín wa láti nǹkan bí àwọn ọdún 1960 wá, ìda ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀kọ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí á má pè é ní àdìrẹ mọ́. Kí ni ó dé tí ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ aláṣọ fi di èèwọ̀ fún amọ̀kòkò?

Bẹ́ẹ̀ ìbátan ni àwọn méjèèjì látilẹ̀. Ìyá Màpó, òrìṣà tí òkè rẹ̀ wà ní Ìgbẹ̀tì, ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ wà lára wọn. Wọn kò pín wọn sí ọ̀dọ̀ òrìṣà méjì. Aláró kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà ti àtijọ́ láìsí amọ̀kòkò: inú ìkòkò ni a ti ń rẹ ẹ̀lú, inú ìkòkò onihò ni a ti ń sẹ́ omi eérú. Ó ṣeni láàánú pé obìnrin tí ó mọ ìkòkò aró kò gbọdọ̀ kọ́ ọgbọ́n tí ó ń lọ nínú ìkòkò tí òun fúnra rẹ̀ mọ.

Tàbí ìda ni àjèjì náà? Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì wo ère idẹ Ifẹ̀ dáadáa. Láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni a ka àwọn orí idẹ náà sí, èyí tí a hú púpọ̀ nínú wọn jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938. Báwo ni a ṣe ṣe wọ́n? Àwọn tí ń da idẹ fi amọ̀ mọ inú ère, wọ́n fi ìda bo amọ̀ náà, wọ́n ya ojú, imú àti ilà sára ìda, wọ́n sì tún fi amọ̀ bo ìda. Wọ́n gbé e síná. Ìda yọ́, ó ṣàn jáde, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ń ṣe ẹdan Ògbóni. Nítorí náà, ìda, amọ̀ àti iná ti jọ ń gbé pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ. Ìda pàápàá ti mọ bí a ti í jóná kúrò lára amọ̀ kí ó lè fi ọnà sílẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n nípa ni pé ọkùnrin ni ó ń da idẹ, obìnrin ni ó sì ń mọ ìkòkò ní ibi púpọ̀; ìda wá dúró sí ọ̀dọ̀ baálé, amọ̀ dúró sí ọ̀dọ̀ ìyálé. Ìyẹn kò sọ ìda di òyìnbó.

Mo mọ ohun tí àwọn olùṣọ́ àṣà yóò sọ. Wọn yóò ní ìyá wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò ní ọnà tí ó yẹ ìkòkò Yorùbá ni èyí tí a fi okùn tàbí ṣùkù àgbàdo yí sára rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tútù. Ṣùkù àgbàdo! Àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ni ó ni àgbàdo. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń ná òkun ni ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí èyí ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń wo àmì ṣùkù lára àpáàdì bí ẹ̀rí pé ìkòkò náà kò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo wọ ilẹ̀ wa lọ. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ mú ṣùkù tí ó ti jẹ àgbàdo orí rẹ̀ tán, tí ó wò ó, tí ó sì yí i lára ìkòkò. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó bi í bóyá àṣà ni. Ohun tí ó ṣe ti di àṣà báyìí débi pé a ń fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn tí ń fi gbogbo ẹnu sọ pé ìda kì í ṣe tiwa, áńkárá ni wọ́n wọ̀ wá sí ìpàdé. Áńkárá yìí sì rèé, àwọn ará Họ́láǹdì ni wọ́n wo aṣọ onída ti àwọn ará Java kọ, tí wọ́n sì gbé e wá tà fún wa ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìda tí ó gba Java àti Họ́láǹdì kọjá wọlé sí wa lára, ìda oyin inú igbó wa ni a ń lé jáde.

Ti àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó tún wá dùn mí jù, nítorí àwọn ni ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ìda sílẹ̀ ní sáà yẹn, nítorí ìda olómi inú ìgò tí wọ́n ń rà láti òkèèrè ti tán, ààrò oníná mànàmáná sì ti bàjẹ́. Àbẹ́là kún inú ìsọ̀ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Koríko àti igi gbígbẹ kún ẹ̀yìn kíláàsì. Kò sí ẹni tí ó rò ó pé a lè fi ìwọ̀nyí ṣe é.

Ibi tí àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò farasin. Hamada Shoji, ará Jàpáánù, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ iṣẹ́ ìda lára ìkòkò di olókìkí ní ọ̀rúndún tó kọjá. Òun ni ó bá Bernard Leach dá ibi ìmọkòkò sílẹ̀ ní St Ives, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1920. Michael Cardew lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach ní ọdún 1923, Cardew yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn sì fi ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi, dé ní ọdún 1954. Ó ti mọ ìkòkò mọ láti kékeré lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin kí òyìnbó kankan tó rí i. Àwọn ejò, àlàǹgbá àti àkekèé tí ó ń fín sára ìkòkò rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ohun tí Abuja fi kún un ni ààrò gbígbóná tí ó ń kọjá ìwọ̀n 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti gíléèsì tí ń dán bíi dígí. Àwòrán obìnrin yìí ni ó wà ní ẹ̀yìn owó ogún náírà láti ọdún 2007, ó sì tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n nípasẹ̀ irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìda, gíléèsì àti ààrò olówó ńlá fi di ẹrù kan ṣoṣo lójú wa, bí ẹni pé a kò lè gbé ọ̀kan láìgbé ìyókù. Irọ́ ni. Gíléèsì a máa dí ihò ara amọ̀, àmù tí a bá fi gíléèsì pa kò sì ní mú omi tutù mọ́, nítorí omi tí ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àmù ni ó ń mú inú rẹ̀ tutù. Ilẹ̀ pupa tí a fi pa ìkòkò kò dí i báyìí. Ìda kò nílò 1,200. Iná koríko àti igi tí àwọn ìyá wa fi ń sun ìkòkò ní ìta gbangba kì í sábà kọjá 900, bẹ́ẹ̀ ìda ti jóná lọ pátápátá kí ó tó dé ìdajì ìyẹn. Ohun tí ó bá ti lè sọ amọ̀ di àpáàdì ti ju ohun tí ìda ń béèrè lọ.

Èmi kò sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Iná ìta a máa fi èéfín kun ìkòkò lójú ibi tí igi bá ti fara kàn án, ọnà tí a fi ọjọ́ méjì yà sì lè dúdú mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Amọ̀ ìkòkò gbọ́dọ̀ mọ́ ju ilẹ̀ pupa lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ kan náà ni méjèèjì yóò ní. Ìda tí kò gbóná tó kì í lẹ̀ mọ́ amọ̀, bí amọ̀ bá sì tutù jù, yóò ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ìlà tí ó bá ṣìnà kò ṣeé nù. Àfi kí a há a pẹ̀lú amọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ìda tí ó bá gbóná jù a sì máa gbiná, nítorí náà inú agolo tí a gbé sínú ìkòkò omi gbígbóná ni a ti ń yọ́ ọ, a kì í gbé e lé iná ní tààrà. Bí ó bá sì gbiná, ìdérí ni a fi ń bò ó, a kì í da omi sí i. Gbogbo èyí jẹ́ ohun tí a lè kọ́ ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin tí ó ti mọ bí a ti ń tò ọgọ́rùn-ún ìkòkò jọ, tí a ń ti iná bọ̀ ọ́, tí a sì ń mọ ìgbà tí ó jiná láìsí òṣùwọ̀n kankan, ṣé yíyọ́ àbẹ́là ni yóò ṣòro fún un? Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Mo yọ ìkòkò kan sọ́tọ̀. Ìkòkò òrìṣà kì í ṣe ti ọjà. Awo ọta Ẹ̀yìnlẹ̀ bíi irú èyí tí Àbátàn, àgbà amọ̀kòkò Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, fi di olókìkí, àwọn tí ń bọ òrìṣà náà ni yóò sọ bí ara rẹ̀ yóò ti rí. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé Àbátàn pàápàá kò da ohun tí ó bá nílé kọ ní àdàkọ; nítorí ọwọ́ rẹ̀ tí ó yàtọ̀ ni ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà nì, Robert Farris Thompson, fi kọ odidi àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1969. Bí a bá gba ọwọ́ ọ̀tọ̀ láàyè níwájú òrìṣà, kí ni ó dé tí a ó fi dù ú lára àmù, fìtílà, àti ìkòkò òdòdó?

Nítorí owó ni ọ̀rọ̀ náà já sí níkẹyìn. Àwọn ọmọbìnrin amọ̀kòkò ní Ìlọrin àti Ìpetumodù kò sá fún amọ̀ nítorí pé ó ń dọ̀tí ọwọ́. Wọ́n ń sá nítorí pé ìkòkò tí ìyá wọn fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe kò lè bá ike díje. Kò sì ní lè bá a díje láéláé bí a bá ń tà á bí ohun tí a fi ń pọn omi nìkan. Ohun tí ike kò ní ni ọwọ́ ẹni tí ó yà á. Ìkòkò tí ọnà rẹ̀ kò jọ ti èkejì, tí a lè sọ pé ìyá báyìí ni ó yà á, ni àwọn ilé ìtura àti àwọn onílé tuntun yóò fi owó gidi rà. Àwọn aláṣọ ti fi àdìrẹ jẹ́rìí sí èyí.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà gbéra lọ bá àwọn amọ̀kòkò ní ilé wọn, pẹ̀lú korobá ilẹ̀ pupa kan àti ìwọ̀nba ìda, kí wọ́n sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí ó wá kọ́ ìdajì iṣẹ́. Kí àwọn tí ń fún oyin má da afárá nù. Kí wọ́n tà á. Kí àwọn aládìrẹ tí ọwọ́ wọn ti mọ ìyẹ́ adìẹ wá ya ọnà lára ìkòkò fún owó, bí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ti ń gé páànù fún aláṣọ. Kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àwo tí ó rì, fi ìdajì àbẹ́là lé e lọ́wọ́ kí ó ya nǹkan sára àwo tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Kí á sì fún iṣẹ́ náà ní orúkọ. Bí àdìrẹ bá lè jẹ́ alábẹ́là, ìkòkò lè jẹ́ onída. Ẹni tí ó bá ní orúkọ òyìnbó nìkan ni iṣẹ́ yìí ní, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é báyìí láti òní lọ.